Ìbẹ̀rù Tó Bá Mi Wọ Ọkọ̀ Orí Wáyà

Nígbà tí dókítà wí fún mi pé kò sí ohun tó ṣe ọkàn mi, inú mi kò dùn rárá. Ojú ló tì mí.

Ìgbà kẹta nìyẹn tí wọ́n máa gbé mi dìgbàdìgbà dé ilé ìwòsàn láàárín ọdún kan. Ìdí iṣẹ́ ni ti àkọ́kọ́ ti ká mi mọ́. Aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán ní El Alto, lókè níbi tí òtútù ti ń bá èèyàn jí, mo sì ń gé aṣọ síkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ nígbà tí àyà mi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì bí ẹni pé wọ́n ń lé e bọ̀. Ọwọ́ mi tutù. Ètè mi kú tipiri. Mo la ẹnu, mo ń fa atẹ́gùn, atẹ́gùn kò sì dé ibi tí mò ń fà á lọ. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: bó ṣe pa Teodosio nìyí.

Teodosio ni ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá eléruku tó wà lẹ́yìn ilé wa, ó di àyà mú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí nǹkan yà lẹ́nu, ó sì wó lulẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ó ń ṣeré ni. Wọ́n ṣì ń pariwo mọ́ ọn pé kó dìde, kó yéé fi àkókò ṣòfò, ẹni tó ti kú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ́tí sí àyà tèmi bí ẹni tó ń tẹ́tí sí olè lórí òrùlé.

Dókítà náà, bàbá arúgbó kan tó ń wúkọ́, yí ìwé àyẹ̀wò sọ́dọ̀ mi.

"Sabina, ọkàn rẹ le ju tèmi lọ. Bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé yìí lójoojúmọ́, èmi ló yẹ kí wọ́n máa gbé."

"Kí ló wá ń ṣe mí, dókítà?"

"Ìbẹ̀rù ni."

Ká ní ó dárúkọ àìsàn kan ni, ǹ bá rí nǹkan sọ nílé. Ìbẹ̀rù ńkọ́? Ta ló ń gbé ìbẹ̀rù lọ sí ilé ìwòsàn? Mo bojú wolẹ̀. Bàbá náà rí mi.

"Kì í ṣe irọ́ lo pa," ó ní, "bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe wèrè. Ara rẹ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sinmi, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn nísàlẹ̀ níbí ní ọjọ́rú. Lọ bá wọn."

Ìyá ọkọ mi, Doña Casimira, ni mo kọ́kọ́ sọ fún, torí ilé kan náà la jọ ń gbé, kò sì sí ohun téèyàn lè fi pa mọ́ fún un. Ó ń ṣa ọ̀dùnkún gbígbẹ tí a máa fi se ọbẹ̀. Ọkọ mi Eusebio jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń tún bàtà ṣe.

"Wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ ní kí ni?" ni ìyá bi mí.

"Bí wọ́n ṣe ń sinmi, ìyá. Bí wọ́n ṣe ń mí."

Ó fi ọ̀dùnkún sílẹ̀. "Ìyàwó, tún un sọ."

"Bí wọ́n ṣe ń mí."

"Háà! Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí mo ti ń mí láyé yìí, ẹnì kankan ò mú mi lọ sílé ìwé ẹ̀! Ṣé wọ́n á fún ẹ ní sátífíkéètì?"

Eusebio bú sẹ́rìn-ín. "Tí wọ́n bá tún ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń jẹun, ẹ bá mi forúkọ sílẹ̀ o."

Ṣùgbọ́n ìyá kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ohun tó ń ṣe ẹ, mo mọ̀ ọ́n. Ajayu rẹ ló já bọ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú. Ẹ̀mí tó ń bá ẹ rìn, kò tẹ̀lé ẹ wálé. Ó jókòó ti Teodosio lórí pápá yẹn. Mú ṣáálì rẹ wá, ká lọ pè é."

A lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ju ṣáálì mi sọ́tùn-ún sósì lórí eruku, ó ń pe orúkọ mi bí ẹni tó ń pe ọmọ tó ṣìnà: Sabina, wá, má dúró níbẹ̀, ilé rèé, oúnjẹ rèé. Mo sunkún. Mo sun oorun dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rù yẹn tún dé, nínú ọjà báyìí, láàárín èrò, kì-kì-kì. Ìgbà yẹn ni mo wá lọ sí ti ọjọ́rú.

Yàrá ibẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀. Obìnrin ni gbogbo wa: ẹnì kan tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun tí kì í pè é, olùkọ́ kan tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń gbẹ tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ìyá kan tí kò rí oorun sùn láti ìgbà tí olè ti fọ́ ilé rẹ̀. Ximena ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa. Ó kéré sí gbogbo wa, síbẹ̀ Àǹtí Ximena là ń pè é, torí aṣọ funfun tó wọ̀. Ó ní ká dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ká di ojú, ká máa fetí sí èémí wa bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde.

Mo dùbúlẹ̀. Mo di ojú. Yéè! Ohun tí mo ti ń sá fún láti ọdún kan ni wọ́n ní kí n wá tẹ́tí sí yìí. Mo gbọ́ èémí mi, mo gbọ́ àyà mi tó ń lù nísàlẹ̀ rẹ̀, mo wá ń dúró de ìgbà tí yóò dákẹ́. Bí mo ṣe ń dúró dè é, bẹ́ẹ̀ ló ń sáré sí i. Mo fò dìde, mo jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, mo fara ti ògiri lóde, mò ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ bí ajá.

Àǹtí Ximena jáde tọ̀ mí, bàtà kejì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé yóò bá mi wí.

"Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni," ó ní. "Àwọn kan wà tó jẹ́ pé èémí gan-an ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi èémí sílẹ̀ ná. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, ṣé òun náà ń dẹ́rù bà yín?"

"Ẹsẹ̀ kẹ̀? Kí ni ẹsẹ̀ fẹ́ fi mí ṣe?"

"Ó dáa. Ẹ wọ bàtà yín. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, bí ẹni tó fẹ́ fi gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iṣan rẹ̀ le. Ẹ má tíì fi sílẹ̀. Ẹ má tíì fi sílẹ̀ o. Ó tó, ẹ tú u."

Mo tú u. Nǹkan kan rọ̀ lábẹ́ orúnkún mi, bí ìgbà tí wọ́n tú okùn ẹrù.

"Ìbẹ̀rù kì í gbọ́ 'máa lọ'," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá lé e, ńṣe ló máa jókòó. Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fún ara ṣe. Ẹsẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ itan, lẹ́yìn ẹ̀ ọwọ́, èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ fún un kó le, kẹ́ ẹ tú u. Tó bá wá di pé èémí fẹ́ rọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ mi ń le, ó ń rọ̀. Lórí ìlà níbi tí a ti ń dúró de gáàsì ìdáná, mo ń di ọwọ́ nínú ṣáálì, mo ń tú u. Tí mo bá ń fẹ́ èémí jáde nílé, Eusebio á ní, "Ta ló gún táyà nínú ilé yìí?" Kò pa ìbẹ̀rù náà o. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé, mo ní ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Àǹtí Ximena. Láti ìgbà tí a ti sin Teodosio, n kò wọ ọkọ̀ orí wáyà mọ́, èyí tí wọ́n so kọ́ okùn irin tó ń gbé èèyàn kọjá lókè ìlú. Ibi tí ilẹ̀kùn ti máa pa dé, tí èèyàn ò lè bọ́ sílẹ̀, tó jẹ́ pé bí àyà bá dákẹ́, ojú ọ̀run ló máa dákẹ́ sí, ká má rí i. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí La Paz, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè wa, kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀, ní ìlọ́po mẹ́ta àkókò. Tí wọ́n bá bi mí, mo ní ẹrù mi ló pọ̀.

Ó wá di ọjọ́ tí mo fẹ́ mú ìyá ọkọ mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú nísàlẹ̀ ìlú.

"Bọ́ọ̀sì kẹ̀?" ni ìyá wí. "Pẹ̀lú orúnkún mi yìí? Ìyàwó, wáyà la máa wọ̀. A ti dé ibẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní gáréèjì."

"Ìyá, òjò ti ṣú o."

"Ṣé inú ọkọ̀ ló máa rọ̀ sí ni?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n ní ẹ̀rù ń bà mí, èmi tí mo lé ní ogójì ọdún? Mo fà á lọ́wọ́, a lọ.

Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni mẹ́ta péré la wọ inú ọkọ̀ náà: èmi, ìyá, àti ọkùnrin kan tó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, tí símẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ irun rẹ̀. Ó kí wa dáadáa. Ó ní Limbert lòun ń jẹ́, pé bíríkìlà lòun.

"Ìyá, ẹ wá sí àárín," ó ní, "kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ sí apá kan."

"Ìwọ tó o tóbi bíi màlúù yìí ni kó o wá sí àárín," ni ìyá dá a lóhùn. "Èmi ò wúwo tó àpò rẹ yẹn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ilẹ̀kùn ti pa dé, ilẹ̀ sì ti kúrò lábẹ́ wa.

Bàtà mi ni mò ń wò. Mo mọ̀ pé òrùlé páànù àwọn ilé ń kọjá nísàlẹ̀, mo mọ̀ pé a ti fò kọjá etí òkè, pé kòtò ńlá tí ìlú wà nínú rẹ̀ ti là sílẹ̀ lábẹ́ wa. N kò wò ó. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tú u. Ìyá ń sọ̀rọ̀ nípa ojú rẹ̀, mo ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," n kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ìjì dé. Ó gbá ọkọ̀ náà létí bí ẹni gbá ọmọ létí. Lójijì, ariwo ẹ̀rọ tó ti ń dún lókè orí wa dákẹ́. Ọkọ̀ fì síwájú, ó fì sẹ́yìn, ó dúró.

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ń lu òrùlé ọkọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ lé wa lórí, gíláàsì sì funfun yípo, a ò rí ọkọ̀ tó wà níwájú, a ò rí èyí tó wà lẹ́yìn. Mànàmáná kọ, ààrá sán lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ìsinmi láàárín méjèèjì. Ohùn ọkùnrin kan jáde láti inú ẹ̀rọ tó wà lókè ilẹ̀kùn: "Ẹ̀yin èrò, nítorí ìjì yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ má ṣe..." Ó gé. A ò gbọ́ ìyókù.

Nígbà náà ló dé. Mo mọ ìrìn rẹ̀. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ tutù, ètè wá kú, àyà wá gbéra. Mo ní: lónìí ni. Teodosio, lónìí ni. Mo rí i bí wọ́n ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn níbùdókọ̀, tí ìyá máa jókòó ti òkú mi. Ẹsẹ̀, mo rántí. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń gbọ̀n, mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tú u. Kò ṣiṣẹ́. Mo tún un ṣe. Mo fún itan mi pọ̀, mo fún àtẹ́lẹwọ́ títí èékánná fi wọ inú ẹran, mo tú gbogbo rẹ̀. Ìbẹ̀rù náà kò lọ. Ó kàn sún díẹ̀, bí ẹni tó sún lórí bẹ́ǹṣì fún ẹlòmíràn. Àyè kékeré yẹn ni mo fi gbé ojú sókè.

Ni mo bá rí Limbert.

Ó ti ń nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dúró, n kò kà á sí. Nísinsìnyí ojú rẹ̀ ti funfun ju símẹ́ǹtì orí rẹ̀ lọ.

"Báwo ni ibí ṣe ga tó?" ó ní.

"Má wo ìsàlẹ̀," ni ìyá wí.

Ó wo ìsàlẹ̀. "Atẹ́gùn ò sí níbí."

"Atẹ́gùn wà. Òun náà kọ́ ló ń fì wá yìí?"

"Mo ní atẹ́gùn ò sí!" Ó dìde, ọkọ̀ sì tẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ha ògiri, ó sì tì í bọ àárín ilẹ̀kùn méjèèjì. Rọ́bà ibẹ̀ ya. Afẹ́fẹ́ tútù wọlé pẹ̀lú ariwo bíi fèrè, yìnyín sì ń bá a wọlé.

"Kí lò ń ṣe?" mo kígbe.

"Mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀."

"Sí ibo? Limbert, sí ibo?"

Ó ń fi gbogbo agbára èjìká rẹ̀ ti irin náà. Mo rí ìlà tín-ín-rín láàárín ilẹ̀kùn, mo rí ojú ọ̀run níbẹ̀, lẹ́yìn náà òrùlé ilé kan, kékeré, bíi páálí ìṣáná.

"Fara balẹ̀!" ni ìyá ń pariwo. "Fara balẹ̀, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Bó ṣe ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ń le sí i.

Mo dìde. N kò mọ bí mo ṣe dìde. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tì mí, mo ṣubú lé ìyá lórúnkún, ìyá ké. Ọkọ̀ fì débi pé ẹ̀yìn mi lu gíláàsì. Mo tún dìde, mo tún di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yíjú sí mi, omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Màmá, mò ń kú," ó ní. "Àyà mi ni. Àyà mi ń fà mí. Mò ń kú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ohun gbogbo lọ lọ́jọ́ yẹn. Torí mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Dókítà ti fi ìwé hàn mí. Ta ló mọ̀ nípa tirẹ̀? Ọkùnrin sanra, ó ń làágùn, ó di àyà mú. Teodosio náà di àyà mú. Bó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ gan-an ló ń kú lọ níwájú mi ńkọ́, tí mo wá dúró tì í tí mò ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀? Kò sí dókítà. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo ní lọ́kàn mi pé bó bá jẹ́ ikú ni, kó bá wa lórí ìjókòó, kó má bá wa lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Di irin yẹn mú," mo sọ fún un. "Mi ò ní kó o fi sílẹ̀. Dì í mú gan-an. Fún un! Fún un bí ẹni ń fún aṣọ tó tutù. Kó le dé èjìká rẹ."

Ó wò mí bíi pé mo ti ya wèrè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ fún irin náà. Mo rí iṣan tó dìde.

"Má tíì tú u. Má tíì tú u o. Ó yá, jẹ́ kó lọ."

Irin náà já bọ́, ó dún lórí páànù ilẹ̀ ọkọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ gbá a sábẹ́ ìjókòó.

"Jókòó. Ẹsẹ̀ ló kàn. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Mi ò lè..."

"Èmi náà ò lè. Wo ẹsẹ̀ mi bó ṣe ń gbọ̀n. Jẹ́ ká jọ tẹ̀ ẹ́."

Ó jókòó. A jọ tẹ̀ ẹ́. A jọ tú u. Mo bi í léèrè orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, kó má baà ráyè gbọ́ àyà rẹ̀. Ó ní Yhoselin, ó ní Brandon, èyí tó kéré jù kò tíì rìn. Mo ní ilé ìwé wo ni Yhoselin ń lọ, ó dárúkọ rẹ̀. Mo ní èmi ni mò ń rán síkẹ́ẹ̀tì wọn, ní òpópónà ṣọ́ọ̀ṣì olórùlé búlúù. Ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ ṣì ń já, ó ń fà á wọlé ṣáá, kò rántí láti jẹ́ kó jáde, ètè rẹ̀ sì ń yí padà sí àwọ̀ aró. Èmi náà ti gbàgbé ohun tó kàn. Orí mi ṣófo.

Ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi tú ṣáálì rẹ̀. Ó fi bo èjìká ọkùnrin náà, ó fà á mọ́ra bí ẹni pọn ọmọ síwájú. Kò pariwo mọ́. Ó gbé ẹnu sí etí rẹ̀.

"Limbert," ó ní, "Limbert, wá. Má dúró níbẹ̀, wá." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Limbert, wá. Brandon ń dúró dè ẹ́. Wá."

Jẹ́jẹ́ ló ń pè é, ó fa orúkọ náà gùn, ó ń sinmi láàárín. Mo rí i pé nígbàkúùgbà tó bá sinmi, Limbert á mí jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ èémí tèmi pẹ̀lú rẹ̀, kí ó lè rí mi, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ó wo ẹnu mi. Ó ká ètè tirẹ̀ náà. Ìyá pè, àwa méjèèjì fẹ́ ẹ. Ìyá pè, a fẹ́ ẹ. Ààrá sán, a fò sókè, a sunkún, a tún bẹ̀rẹ̀. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ohùn ìyá ti há kí ẹ̀rọ orí wáyà tó dún, kí ọkọ̀ tó gbọ̀n, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní ibùdókọ̀, wọ́n gbé Limbert sórí ibùsùn onítáyà. Ojú rẹ̀ rí bí eérú. Ó di ọwọ́ mi mú títí wọ́n fi já a kúrò, wọ́n sì gbé e wọ ọkọ̀ aláìsàn pẹ̀lú ṣáálì ìyá lọ́rùn rẹ̀. Mo bi àwọn tó gbé e pé ṣé ọkàn rẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn ò tíì mọ̀.

A kò dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú mọ́. Bọ́ọ̀sì la wọ̀ padà. Mo rí i pé ìyá ń gbìyànjú láti so okùn àpò ọwọ́ rẹ̀, okùn náà ń yọ̀ bọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo so ó. Ó wá ní:

"Ìyàwó, ṣé bó ṣe ń ṣe ẹ́ nìyẹn? Bíi ti ọmọkùnrin yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Nídìí iṣẹ́? Nínú ọjà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Háà," ó ní. Ó wo ojú fèrèsé. "Mi ò mọ̀. Kò yé mi rárá."

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e le fún mi. N kò lè jẹun. Mo rò pé mo ti pa ọkùnrin kan. Mo rò pé ì bá yè ká ní mo pariwo, ká ní mo lu gíláàsì, ká ní mo ṣe nǹkan mìíràn. Mo lọ bi wọ́n ní ibùdókọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ. Àyà mi ń já lójoojúmọ́, mò ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ìyá á sì jókòó tì mí láìjẹ́ pé mo pè é, á máa bá mi tú òwú, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Limbert ni. Ó ti wẹ̀, ó ti gé irun, ṣáálì náà wà nínú ọ̀rá, ìyàwó rẹ̀ ti fọ̀ ọ́. Ó ní òun ń béèrè obìnrin tó ń rán síkẹ́ẹ̀tì kiri òpópónà ṣọ́ọ̀ṣì náà. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, ojú tì mí, mo ní kó jókòó.

"Wọ́n yẹ ọkàn mi wò," ó ní, ó ń wo ilẹ̀. "Wọ́n lẹ àwọn wáyà kéékèèké mọ́ mi láyà. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní..."

"Ìbẹ̀rù," mo ní.

"Ẹ má sọ ọ́ sókè, màmá. Mo sọ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé inú ló ń run mí."

Eusebio, tó máa ń rí ohun fi rẹ́rìn-ín nínú gbogbo nǹkan, kàn bu ọbẹ̀ fún un.

Limbert jẹ díẹ̀. Ó wá bi mí bóyá nǹkan yìí máa ń lọ pátápátá. Mo sọ òtítọ́ fún un pé tèmi kò tíì lọ. Mo ní mo mọ ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ọjọ́rú.

"Àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ẹ ṣeun, màmá," ó ní, ó dìde.

Ní ọjọ́rú, a rí i láti ojú fèrèsé. Ó dúró ní òdìkejì títì, fìlà iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn bí ẹni tó ń wo àtẹ̀gùn tí kò dá a lójú. Nígbà tí a jáde, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́rú kejì ló wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní tó wà nígun, tòun ti bàtà, ó nà gbọnrangandan bíi pákó, ó di ojú pọ̀.

Àǹtí Ximena ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. A tẹ̀ ẹ́, a tú u. Ó ní itan. Ó ní ọwọ́. Kó tó dé èjìká, ohùn kan gbalẹ̀ láti igun yàrá, ohùn ńlá, bí ẹni ń fa àpótí lórí ilẹ̀. Limbert ń hanrun. Olùkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá tí olè fọ́ ilé rẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jí i, mi ò lè gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Àǹtí Ximena wí. "Ìyàwó ẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé láti ọjọ́ ìjì yẹn, kò tíì sùn."

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ká gbé èjìká sókè.